Àárọ̀ Ìdánwò, Lábẹ́ Ọwọ́ Bàbá Àgbà

Ajé, 29 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Lẹ́tà ìdánwò ìwé-àṣẹ ẹnjiníà dé sórí fóònù. Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀. Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́nà Ahodwo, níbí ní Kumasi. Aago méje ààbọ̀ ni wọn yóò ti géètì. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, wọn yóò kà á pé ó ti ṣe é, ó sì ti kùnà.

Ìgbà kẹta mi nìyí. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà kì í gbà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Lẹ́yìn náà, kí èèyàn padà lọ kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin lábẹ́ ẹlòmíì kó tó tún béèrè. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí. Mi ò ní padà lọ kọ́ṣẹ́.

Kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n má tún sọ ọ́ mọ́: ìbéèrè kò tíì lé mi rí. Ìgbà kìíní, Accra nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Táyà bọ́ọ̀sì wa bẹ́ nígbà tí a kọjá Nkawkaw. Mo dé géètì, wọ́n ti tì í. Ìgbà kejì, wọ́n gba ẹ̀rọ ìṣírò mi lẹ́nu ọ̀nà, pé irú rẹ̀ kò sí lára èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Ọwọ́ lásán ni mo fi ṣírò pílà àti bíìmù. Mi ò dé ìdajì. Ọ̀nà ló ń lé mi, kì í ṣe ìmọ̀. Ọ̀nà náà ni n ó mú ṣiṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Mi ò retí nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ débẹ̀.


Ìṣẹ́gun, 30

Sàlísù ọkọ mi – sípíríǹgì mọ́tò ló ń tà láàárín àwọn mẹkáníìkì ní Suame Magazine, ẹnu rẹ̀ sì le bí ọjà rẹ̀ – ti sọ ìdánwò náà lórúkọ. Ọkọ Kejì. Ó ní ọkọ kejì mi tún ti ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ṣé ọkọ yẹn náà máa ń jẹ ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù ni, àbí èyí tó níyọ̀ dáadáa ni mo máa ń gbé pamọ́ fún un.

Orúkọ náà dára. N ó máa lò ó.


Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Ibi iṣẹ́. Èmi ni mo ya ilé alájà márùn-ún tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Tafo, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Yaseer ló fọwọ́ sí i. Òun ló ní ìwé-àṣẹ. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to irin sínú pílà. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gá Kékeré ni mò ń pè é.

Kì í gbéraga. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. "Àǹtí Mùní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò ó kí n tó fọwọ́ sí i." Àpọ́nlé rẹ̀ ń ta mí bí òjò òwúrọ̀.

Ó bi mí bóyá mo ti wo apá tuntun tí wọ́n fi kún ìdánwò, èyí tó jẹ mọ́ ìmìtìtì ilẹ̀. Ó ní ó le. Mo ní mo ti ń gbé ilé dúró kí wọ́n tó já a lẹ́nu ọmú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ilẹ̀ tó ń mì ò mọ àgbà o."

Ọ̀gá àgbà ti wí: bí ọdún bá yí, ẹni tó ní ìwé-àṣẹ ni yóò di olórí ọ́fíìsì àwòrán. Bí kì í bá ṣe èmi, Yaseer ni. N ó máa kí i ní ọ̀gá títí n ó fi fẹ̀yìn tì. Mo ti ń fi ẹnu mi dán an wò. Kò ṣòro láti pè. Ó kàn korò.


Àbámẹ́ta, 4

Mo wọ bọ́ọ̀sì tròtrò láti ilé wa ní Tafo dé Ahodwo ní òwúrọ̀ kùtù, bí ẹni tó ń lọ ṣe é gan-an. Àlọ dára. Àbọ̀ ni mo rí ohun tí mò ń wá: Àbámẹ́ta ni ọjọ́ ìsìnkú ní ìlú yìí. Títì méjì ni wọ́n ti ta àgọ́ dí, àga pupa, àga dúdú, àwọn èèyàn nínú aṣọ ọ̀fọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó tó ilé. Dírẹ́fà wa yí padà, ó ń ṣépè ní Twi, èdè ibí.

Kò sí ẹni tó lè bá òkú Kumasi du títì. Ṣùgbọ́n òkú Kumasi kì í ṣe ohun kan ní bòńkẹ́lẹ́. Pósítà wọn wà lára gbogbo ògiri: àwòrán, ọjọ́ orí, ọjọ́ ìsìnkú, ibi tí wọ́n ti máa ṣe é. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Kejetia, mò ń ka pósítà òkú. Ẹni tí wọ́n máa sin lọ́jọ́ kejìdínlógún nìkan ni mò ń wá.

Mo rí mẹ́ta lójú ọ̀nà mi. Màmá arúgbó kan lẹ́yìn Bantama. Tíṣà kan. Ọkùnrin kan tí kò tíì dàgbà tó mi. Mo sàmì sí títì wọn. Ọlọ́run kó fọ̀run kẹ́ wọn. N ó gba ibòmíì kọjá.


Àìkú, 5

Mo ka ojú-ewé mẹ́rin. Iná lọ.


Ìṣẹ́gun, 7

Mo lọ ra nǹkan ní Adum. Ẹ̀rọ ìṣírò méjì, irú èyí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú lẹ́tà, ọ̀kan fún lílò, ọ̀kan bí ọ̀kan bá kú. Mo ní kí ẹni tó tà á fún mi tú u wò níwájú mi. Ó ní, "Maame, ìdánwò ni àbí ẹjọ́?" Mo ní ìkejì.


Ọjọ́bọ̀, 9

Ọ̀rọ̀ ìborùn. Àwọn tó ń ṣọ́ ìdánwò máa ń wo etí, torí àwọn tó ń fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tó kọjá, wọ́n ní kí n tú híjáàbù mi lẹ́nu ọ̀nà láàárín ọkùnrin. Lónìí mo dán mẹ́ta wò níwájú dígí. Èyí aláwọ̀ eérú ló dára: ó ṣeé gbé sókè létí láìtú.

Sàlísù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò mí. "Ọkọ Kejì yìí mà jọ ọ́ lójú o. Èmi, bùbá àná lo fi ń pàdé mi."

Ìwé: mi ò kà.


Jímọ̀, 10

Mo lọ kí Bàbá Àgbà ní Asawase.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Òun ló kù nínú àwọn tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán; òjìji nìkan ló ń rí. Àbúrò mi Zàhràh ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń ránṣọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, tí gbogbo agboolé ní kí n wá máa ta aṣọ, Bàbá Àgbà nìkan ló ní rárá, kí ọmọ náà lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé. Ọmọbìnrin. Nínú agboolé wa. Ohun tí mo jẹ́ lónìí, ẹnu rẹ̀ ló ti wá.

Mo lọ lónìí nítorí kí n lè gba àdúrà rẹ̀ ṣáájú. Ètò ni. Àdúrà rẹ̀ kì í kúrú.

Ó súre díẹ̀, ó dákẹ́. Mo ní ṣé ó ti tán. Ó ní èyí kì í ṣe òun gan-an. Ó ní, "A kì í súre ìrìn-àjò fún ẹni tó ṣì jókòó. Ọjọ́ tí o bá ń lọ, o máa gba ọ̀dọ̀ mi kọjá." Mo ní Bàbá, ilẹ̀ á ti fẹ́ mọ́, géètì wọn kì í dúró. Ó ní ìgbà kìíní ńkọ́, ṣé mo gba ọ̀dọ̀ òun kọjá? Mi ò gbà. Ìgbà kejì? Mi ò gbà. Ó ní kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Zàhràh sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn yà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni." Èmi àti òun la jọ dàgbà lábẹ́ àdúrà Bàbá. Kò sí ìṣẹ́jú díẹ̀ níbẹ̀.


Àbámẹ́ta, 11

Mùádh, ọmọ àdúgbò wa, gbé mi gba ọ̀nà náà lónìí nínú táksì rẹ̀, Tafo sí Asawase, Asawase sí Ahodwo, láìkan títì àwọn òkú mẹ́ta yẹn. Hóònù ni mò ń pè é. Kò mọ̀. Bó bá ti jókòó sínú mọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ kan máa ń wà lórí fèrè. Ó ní, "Àǹtí, fèrè ni ẹnu mọ́tò. Mọ́tò tí ò sọ̀rọ̀, wọ́n á gbá a ni."

Ọ̀nà náà ṣeé gbà. Bí mi ò bá pẹ́ ní Asawase, n ó tètè dé. Bí mi ò bá pẹ́.


Ajé, 13

Ó rẹ̀ mí. Mo gbé ìwé lé orí itan, mo sùn.


Ọjọ́rú, 15

Mo ní kí Sàlísù lọ bá mi bẹ Bàbá. Òun ni ọkọ, wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó gbé lọ: kí Bàbá gbàdúrà sórí fóònù nígbà tí mo bá wà nínú táksì. N ó gbé e sétí, n ó máa ṣe Àmín bọ̀.

Ó padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín. Bàbá ní àdúrà kì í ṣe kúrẹ́díìtì fóònù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ó ní bí Sàlísù bá fẹ́ ìyàwó lórí fóònù, kó lọ gba àdúrà lórí fóònù.

Sàlísù ní kí n lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ àgbà ni, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Ó ní, "Ẹnjiníà, o ti ṣètò gbogbo òkú Kumasi. Alààyè kan ṣoṣo ló kù." Mi ò rẹ́rìn-ín.


Jímọ̀, 17

Gbogbo nǹkan ti wà nínú àpò. Káàdì ìdánimọ̀. Lẹ́tà. Ẹ̀rọ ìṣírò méjì. Bírò dúdú. Omi, mo ti bó bébà ara ìgò rẹ̀ bí òfin wọn ṣe wí. Ìborùn eérú.

Mo ṣí ìwé sí apá tuntun yẹn. Ó pọ̀. Mo pa á dé. Bí mo bá débẹ̀, ọgbọ́n àtẹ̀yìnwá á ràn mí lọ́wọ́. Mo ti ń sọ ìyẹn fún ara mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó dún bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì lálẹ́ yìí.


Àbámẹ́ta, 18

Ìrọ̀lẹ́ ni mò ń kọ èyí. N ó kọ ọ́ bó ṣe rí.

A kírun Súbúhì nílé. Hóònù ti wà níta, kò fọn fèrè, mo ti kìlọ̀ fún un. Ojú ọ̀nà dá. A dé Asawase kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo sọ fún ara mi: wọlé, kúnlẹ̀, Àmín, jáde.

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Yàrá kún.

Bàbá ti kó àwọn àlùfáà jọ. Wọ́n jókòó yí ẹní ká, wọ́n ti ń ka Yásìn, èyí tí wọ́n máa ń kà ní ìgbà mọ́kànlélógójì fún ọ̀ràn ńlá. Kò sọ fún mi. Ó fẹ́ fi ṣe mí lóore ni. Ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ọmọ tó fi ẹ̀bùn pamọ́ sẹ́yìn. "Mùnírátù ni?" Mo ní èmi ni, Bàbá. Ó ní kí n súnmọ́ òun. Mo kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé mi lórí.

Ní agboolé wa, àgbà tó bá gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí, òun náà ló ń gbé e kúrò. Ọmọ kì í yọrí. Mi ò rí ẹni tó ṣe é rí, mi ò gbọ́ ọ rí. Bí àdúrà gùn tó òpópónà Accra, orí ọmọ á wà níbẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ látorí bàbá mi tó ti kú. Ó kan ìyá mi. Ó kan àwọn tó gbé ẹrù lórí kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó kan àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n máa lọ lọ́dún tí wọ́n lé àlejò kúrò nílẹ̀ yìí, tí ọ̀pọ̀ wọn ò padà mọ́; ó ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àlùfáà ń ṣe Àmín. Mo wo aago ara ògiri láti ìsàlẹ̀ apá rẹ̀. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dórí mi ni. Ó ní kí símẹ́ǹtì mi má sùn. Kí irin mi má tẹ̀. Kí ilé tí mo bá kọ́ má wó lu ọmọ ẹnì kan. Ó dára, gbogbo rẹ̀ dára. Níta, Hóònù fọn fèrè kékeré kan, bí ẹni tó wúkọ́.

Zàhràh wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó di kẹ́tùrù omi mú. Mo fi ojú pè é. Ó wò mí. Mo fi ojú júwe orí ara mi, mo júwe tirẹ̀. Ó mi orí rárá. Mo wo aago, mo tún wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni n ó sọ: mi ò mọ̀ pé ojú mi lè bẹ èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Ó gbé kẹ́tùrù sílẹ̀. Ó fi orúnkún rìn wá.

Mo di ọrùn-ọwọ́ Bàbá mú bí ẹni tó di ẹyin mú. Mo gbé e sókè díẹ̀. Mo yọ orí. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Zàhràh ti orí rẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀, híjáàbù sí híjáàbù. Ọwọ́ náà balẹ̀. Ohùn Bàbá ò já. Ó ń sọ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ yìí jókòó láàárín àwọn tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún.

Àwọn àlùfáà rí i. Gbogbo wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wo ilẹ̀. Àmín wọn ò dúró, ó kàn rẹlẹ̀.

Mo fi orúnkún jáde. Bàtà lọ́wọ́.

Hóònù ní, "Àǹtí, wọ́n ti parí?" Mo ní wọn ò tíì parí. Ó wo bàtà ọwọ́ mi. Ó wa mọ́tò. Mo ní kó máa fọn fèrè rẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ti di ṣéènì mú. Ó rí mi, ó ń fọwọ́ pè mí pé kí n yára: "Maame, yɛ ntɛm, yɛ ntɛm!" Mo sáré. Mo wọlé. Ó ti géètì lẹ́yìn mi.

Wọ́n wo etí mi, mo gbé ìborùn sókè, ó tó. Wọ́n wo ẹ̀rọ ìṣírò, wọ́n ní ó dára. Wọ́n wo káàdì. Àga mi kò mì. Mo mumi, mo dúró, ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí iná lọ, jẹnẹrétọ̀ wọn gbà á. Kò sí ohun kan tó ṣẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí èmi àti Ọkọ Kejì jókòó kojú ara wa, tí kò sí ẹnikẹ́ni láàárín.

Mo ṣí ìwé ìbéèrè. Apá kìíní, mo ṣe é. Apá kejì, ilé ni lórí ilẹ̀ tó ń mì. Mo kà á. Mo tún kà á. Mo yí i sí ẹ̀yìn, mo padà sí i.

Mo kọ nǹkan sí i. Mo jáde.


Àìkú, 19

Mo sọ ọ̀rọ̀ orí fún Sàlísù. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Wàláì, o láyà." Lẹ́yìn náà ó bi mí pé báwo ni Ọkọ Kejì ṣe ṣe.

Mo ní mo débẹ̀ lásìkò.


Jímọ̀, 24

Bàbá ò mọ̀. Àwọn àlùfáà ò sọ fún un. Ṣùgbọ́n agboolé ti gbọ́. Zàhràh ní bí òun bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin á ní, "Ẹnjiníà, wá bá wa wo páìpù yìí." "Ẹnjiníà, ògiri wa là, kí la ó fi dí i?" Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Kì í rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ mi.

Ó ní àdúrà náà ṣì pẹ́ lẹ́yìn tí mo lọ. Ó ní òun ń ṣe Àmín nísàlẹ̀ ọ̀fun kí Bàbá má baà gbọ́ ohùn. Ó ní nígbà tó parí, Bàbá fọwọ́ pa òun lójú, ó ní, "Máa lọ, ó ti dára." Òun wá dìde, òun rìn dé ẹnu ọ̀nà, òun dúró síbẹ̀. Kò sí ibi tí òun ń lọ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo jẹ ohun tí kì í ṣe tèmi."

Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀.


Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kọkànlá

Kò tíì sí èsì. Ní ọ́fíìsì, Ọ̀gá Kékeré ti ń sọ "bí ẹ bá ti di olórí wa". Inú kan ló fi ń sọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yé.


Àìkú, 16

Kò sí.


Ìṣẹ́gun, 25

Ó dé.

Apá kìíní: yege. Apá kejì: kùnà. Lápapọ̀: kùnà. Ìgbà tí a gbà fún ọ ti pé.

Mo pa fóònù. Mo parí àwòrán tó wà níwájú mi. Mo gbé e lọ fún Yaseer kó fọwọ́ sí i. Ó wo ojú mi. Ó fọwọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Mo ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé rárá o, Àǹtí. Mo ti jáde.

Mo ti mọ bí ẹni tí ọ̀nà lé ṣe máa ń jókòó. Mo ti jókòó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìjókòó náà ní ìgbéraga tirẹ̀. Ti oní kò ní. Gbogbo géètì ló ṣí sílẹ̀ fún mi.


Ọjọ́rú, 26

Mo lọ sí Asawase láti fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Zàhràh ti ṣáájú mi. Sàlísù ló pè é lórí fóònù lálẹ́ àná, tó sọ èsì náà fún un. Zàhràh sunkún dé ẹsẹ̀ Bàbá, ó sọ gbogbo rẹ̀: pé orí òun ló wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé òun ló gba ire mi lọ, pé òun ló jẹ́ kí n kùnà.

Mo retí ìbínú. Mo ti múra fún un nínú táksì.

Bàbá Àgbà ṣí fìlà rẹ̀. Mi ò rí orí rẹ̀ lásán rí láyé mi. Ó kéré. Ó gbé fìlà náà lé orúnkún, ó ní, "Mùnírátù, dárí jì mí."

Mo dojú bolẹ̀. Mo ní Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun sọ ọ́. Ó ní òun ti gbọ́ pé bàtà wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo jáde. Ó ní ọkàn ẹni tó sáré báyẹn kò lè balẹ̀ ṣírò ilé. Ó ní mo ti sọ fún òun pé géètì kì í dúró, òun ò gbọ́. "Ẹnu mi ló dí ọ lọ́nà. Mò ń súre fún ọ, mo sì ń dè ọ́ mọ́lẹ̀."

Nígbà náà ni mo sọ òtítọ́. Mo sọ ọ́ kedere, bí mo ṣe máa sọ ọ́ níwájú adájọ́. Pé mo dé lásìkò. Pé ọkàn mi balẹ̀. Pé kò sí ohun kan tó dí mi lọ́wọ́. Pé ìbéèrè náà ni mi ò mọ̀, torí pé mi ò kà á. Nígbà tó yẹ kí n máa kàwé, ọ̀nà ni mò ń rìn. Mo ní, "Bàbá, èmi ni. Kì í ṣe àdúrà yín, kì í ṣe Zàhràh. Mi ò mọ̀ ọ́n ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ìwọ? Ìwé wo ni ìwọ ò mọ̀?" Ó yíjú sí ibi tó rò pé Zàhràh wà, ó ní ṣé ó gbọ́ ọmọ yìí, ó fẹ́ bo àṣírí àgbà. Ó ní ẹni tó bá bo àgbà, Ọlọ́run á bo òun náà.

Mo tún sọ ọ́. Ó tún súre fún mi. Mo mú àpẹẹrẹ, mo sọ ìbéèrè náà fún un, ilé alájà mẹ́fà, ilẹ̀ tó ń mì, ibi tí mo gbé e kà tí ojú mi ṣú. Ó ń mi orí, ó ń sọ pé mo ní àforítì, pé bàbá mi náà rí bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń jẹ́wọ́ sí i ni mò ń níyì sí i lójú rẹ̀. Zàhràh gan-an ń wò mí bí ẹni tó ń dúpẹ́. Mo rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu mi tí wọn ò ní pè ní àánú.

Bàbá dé fìlà rẹ̀ padà. Ó ní òun ti pinnu. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láti ọ̀la, ìtọrọ àforíjìn.

Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni dókítà ti ní kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ mọ́, àní Ramadan pàápàá, nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Ó mọ̀. Zàhràh rán an létí, mo bẹ̀ ẹ́, Sàlísù bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ó ní aláìsàn ni Ọlọ́run yọ̀ǹda fún, kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀.

Mo ní bó bá jẹ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ ló ń gbà á, kó jẹ́ kí èmi gbà á. Ó na ọwọ́, ó ń wá orí mi.


Ọjọ́bọ̀, 27

Zàhràh pè. Kòkó, ẹ̀kọ mímu tó gbé síwájú Bàbá láàárọ̀ yìí, ti dì nínú abọ́; Bàbá ò fẹnu kàn án.